Owó Fàdákà Àtijọ́: Iye Rẹ̀ Nínú Iná àti Iye Rẹ̀ Lójú Ènìyàn

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ni ó mọ owó fàdákà àtijọ́ ní ojú, bí wọn kò tilẹ̀ ná an rí. Ó wà nínú àpótí ìyá àgbà. Ó wà ní ìsàlẹ̀ ìkòkò tí a rì mọ́lẹ̀, tí àwọn ọmọ sì hú jáde lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Ó wà ní ọrùn ọmọdé nínú àwòrán àtijọ́, tí a lu ihò sí i tí a sì fi òwú kọ́ ọ. Nígbà tí irú owó bẹ́ẹ̀ bá jáde sí gbangba, ìbéèrè méjì ni ó máa ń tẹ̀lé e. Èkínní ni pé, èló ni fàdákà tí ó wà nínú rẹ̀? Èkejì ni pé, ǹjẹ́ a kò lè rí ẹni tí yóò rà á ju iye fàdákà inú rẹ̀ lọ, nítorí pé ó jẹ́ ohun àtijọ́? Ìbéèrè méjèèjì jọ ara wọn ní etí, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìdáhùn wọn, ọ̀tọ̀ sì ni ìtàn wọn. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò ta ohun ọ̀wọ́n lọ́pọ̀, tàbí kí ó ra ohun ọ̀pọ̀ lọ́wọ̀n-ọ́n. Ìtàn náà ni a fẹ́ sọ níhìn-ín, bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣílè tí àwọn bàbá wa ná, títí dé orí dọ́là fàdákà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí pé ní ilẹ̀ náà ni a ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò jù lọ.

Kí fàdákà tó gba ọjà, owó ẹyọ ni a ń ná. Ẹyọ 40 ni ó wà lórí okùn kan, okùn 50 di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan. Owó yìí kò ní iye kankan lẹ́yìn àdéhùn àwọn tí ń ná an. Bí a bá sun ún nínú iná, ohun tí yóò kù kò sàn ju ẹfun lọ. Bí ọjà bá sì kọ̀ ọ́, a ó fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwọn tí ó ní ọ̀kẹ́ lórí ọ̀kẹ́ nínú ilé nígbà tí a pa owó ẹyọ tì rí i pé ọrọ̀ wọn pòórá, bẹ́ẹ̀ ni olè kò jà wọ́n. Fàdákà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọba lè wàjà, ìjọba lè yí padà, orúkọ tí a kọ sí ara owó lè di ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé e lé òṣùwọ̀n yóò ṣì rí ẹni tí yóò rà á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú ṣílè kan. Ní ọdún 1816, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé kí a máa rọ ṣílè 66 láti inú póùn fàdákà kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 62 ni a ń rọ láti inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Póùn tí a ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń wọn ẹran tàbí ṣúgà; ti àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ni, áúnsì 12 ni ó sì ní. Fàdákà náà pẹ̀lú kì í ṣe fàdákà pátápátá: bí a bá pín in sí ọ̀nà 1,000, 925 jẹ́ fàdákà, 75 tí ó kù jẹ́ bàbà, kí owó náà má baà rọ̀ jù kí ó sì tètè jẹ. Ṣílè kan wọn nǹkan bí gíráàmù 5.65. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò yóò tètè rí i pé bí ṣílè 66 bá ti inú áúnsì 12 jáde, áúnsì kan ṣoṣo bí ṣílè 5 àti sísì kan, èyí tí í ṣe kọ́bọ̀ àtijọ́ 66, nítorí pé kọ́bọ̀ 12 ni ó wà nínú ṣílè kan. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn. Bí áúnsì fàdákà bá ń jẹ́ kọ́bọ̀ 66 ní ọjà Lọ́ńdọ̀n, ṣílè àti fàdákà inú rẹ̀ dọ́gba. Bí ó bá wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ọba ni ó ń gbé ṣílè náà ró. Bí ó bá gòkè kọjá rẹ̀, iná alágbẹ̀dẹ ti di ọ̀gá ọba, nítorí pé ẹni tí ó bá yọ́ ṣílè yóò jèrè ju ẹni tí ó ná an lọ.

Fún ìgbà pípẹ́ ọ̀rọ̀ ọba ni ó lékè. Lẹ́yìn ọdún 1871 ilẹ̀ Jámánì fi owó fàdákà sílẹ̀, ó sì gbé owó rẹ̀ ka orí wúrà. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tẹ̀lé e, ní àkókò kan náà tí àwọn ibi ìwakùsà ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ń da fàdákà sí ọjà. Iye rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ṣáá, títí ó fi di pé ní ọdún 1902 áúnsì kan wálẹ̀ dé nǹkan bí kọ́bọ̀ 22. Ìyẹn ni pé fàdákà tí ó wà nínú ṣílè kan kò ju kọ́bọ̀ 4 lọ, síbẹ̀ ṣílè náà ń ra ọjà kọ́bọ̀ 12 ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta. Ta ni ó ń jẹ kọ́bọ̀ 8 tí ó kù? Ilé ìṣúra ọba ní Lọ́ńdọ̀n ni, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó iṣẹ́ kúrò. Àwọn ènìyàn wa ń kó epo, èkùrọ́ àti kòkó lọ sí etí òkun, wọ́n ń gba owó tí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, èrè ọ̀rọ̀ ẹnu náà kò sì padà sí ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀dùn yìí wà lára ohun tí ó mú kí a dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà sílẹ̀ ní ọdún 1912, kí èrè rírọ owó lè bọ́ sí àpò àwọn ilẹ̀ tí ń ná an.

Láti ọdún 1913 ni owó ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí jáde: ṣílè méjì, ṣílè kan, sísì àti tọ́rọ́. Ìwọ̀n wọn àti fàdákà inú wọn kò yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orí Ọba George Karùn-ún wà ní iwájú. Igi ọ̀pẹ ni ó wà ní ẹ̀yìn ṣílè kan àti ṣílè méjì. Lára àwọn mìíràn a ó rí lẹ́tà H, èyí tí í ṣe àmì ilé ìrọwó Heaton ní ìlú Birmingham. Àwa fẹ́ràn igi ọ̀pẹ yẹn púpọ̀, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí owó kan fi òtítọ́ sọ nǹkan tí ó mú un wá sí ilẹ̀ àjèjì.

Kò pẹ́ tí ogun ńlá ọdún 1914 fi bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ìjọba nílò fàdákà láti fi rọ owó tí wọn yóò fi san owó iṣẹ́ ọmọ ogun, àwọn ará Íńdíà sì ń béèrè fún un lọ́pọ̀lọpọ̀. Iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Ní oṣù kejì ọdún 1920, áúnsì kan di kọ́bọ̀ 89 àti ààbọ̀ ní Lọ́ńdọ̀n. Bí a bá ṣírò rẹ̀, fàdákà inú ṣílè kan ti ju kọ́bọ̀ 16 lọ. Ọba ní kọ́bọ̀ 12 ni, iná ní 16 ni. Kò sí ìjọba tí ó lè máa rọ irú owó bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún náà gan-an ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dín fàdákà inú owó rẹ̀ kù láti 925 sí 500 nínú 1,000, nígbà tí ó sì di 1947, ó yọ fàdákà kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Ní ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, a kò dúró ní ìdajì. Idẹ ni a fi rọ́pò fàdákà. Igi ọ̀pẹ kan náà, ọba kan náà, ṣùgbọ́n funfun ti di pupa. Ìdí nìyí tí ọdún 1920 fi wà lára owó fàdákà, tí ó sì tún wà lára owó idẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ro ti ọkùnrin kan tí ó ní póùn owó kan nínú ìkòkò rẹ̀, ṣílè 20 tí ó jẹ́ fàdákà. Ní oṣù kejì 1920, iná ì bá san póùn kan àti ṣílè 7 fún un. Ọkùnrin náà kò gbọ́ ohun tí ń lọ ní Lọ́ńdọ̀n, ó fi owó rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ó wà. Fàdákà já, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1931, nígbà tí ọwọ́n owó dé bá gbogbo ayé, áúnsì kan kò ju nǹkan bí kọ́bọ̀ 12 lọ. Fàdákà inú ṣílè 20 yẹn kò tó ṣílè 4 mọ́. Ọ̀rọ̀ ọba nìkan ni ó gbà á, nítorí pé ṣílè rẹ̀ ṣì ń ra ọjà ṣílè. Láàárín ọdún 11 péré, owó kan náà nínú ìkòkò kan náà ti rin ìrìn àjò yìí. Àwọn tí ń wí lónìí pé fàdákà kì í tan ènìyàn jẹ kò ka apá ìtàn yìí.

Bí owó idẹ ti ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni owó fàdákà ń dín kù lójú ọjà. A kó ọ̀pọ̀ padà. Ọ̀pọ̀ sì wọ inú ìkòkò àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà, tí ó jẹ́ pé owó ni ohun èlò iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ tàbí òrùka a mú ṣílè rẹ̀ wá, a ó sì yọ́ ọ lójú rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kò wo ọdún tí ó wà lára owó. Kò sí ìdí tí yóò fi wò ó, nítorí pé iná kò mọ 1913 yàtọ̀ sí 1919.

Níhìn-ín ni a ti dé ọ̀dọ̀ iye kẹta, iye tí ojú mọ̀. Láti ìgbà àtijọ́ ni àwọn ènìyàn kan ti wà tí wọ́n ń ṣa owó jọ nítorí ìtàn tí ó wà lára rẹ̀, nítorí ẹwà rẹ̀, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé aládùúgbò wọn kò ní irú rẹ̀. Àwọn ni ó ń wo ọdún. Àwọn ni ó ń wo lẹ́tà kékeré tí ó fi ilé ìrọwó hàn. Ohun méjì ni ó ń gbé owó wọn ga: kí ohun náà ṣọ̀wọ́n, kí àwọn tí ń wá a sì pọ̀. Bí ọ̀kan bá sí tí èkejì kò sí, asán ni.

Ẹ wo dọ́là fàdákà tí orí Maria Theresa, ọbabìnrin ilẹ̀ Ọ́sítríà, wà lára rẹ̀. Owó yìí dé Etiópíà, ó dé ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ó sì gba aginjù kọjá dé Kánò àti Bọ̀rnú. Ọdún 1780 ni ó wà lára rẹ̀, ẹni tí ó bá sì rí i yóò rò pé òun rí ohun iyebíye. Ṣùgbọ́n ọdún tí ọbabìnrin náà kú ni 1780, láti ìgbà náà ni a sì ti ń rọ owó náà láìyí ọdún rẹ̀ padà, ní Vienna, ní Lọ́ńdọ̀n, ní Róòmù, ní Bombay àti ní ibòmíràn, nítorí pé àwọn oníṣòwò kọ̀ láti gba èyí tí ọdún mìíràn wà lára rẹ̀. Púpọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní òǹkà. Nítorí náà ìwọ̀n rẹ̀ ni a fi ń rà á, gíráàmù 28, tí fàdákà jẹ́ 833 nínú 1,000 rẹ̀. Ojú kò ní ohun púpọ̀ láti fi kún un.

Bákan náà ni sísì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1887. Ní ọdún náà Ọbabìnrin Victoria pé 50 ọdún lórí ìtẹ́, a sì fi àwòrán tuntun sí owó. Àwòrán ẹ̀yìn sísì náà jọ ti owó wúrà tí ó jẹ́ ṣílè 10 tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ fi omi wúrà kùn ún, tí wọ́n sì ń ná an ní ìlọ́po ogún. Ìjọba tètè pa á tì. Nígbà tí àwọn ènìyàn gbọ́ pé a pa á tì, olúkúlùkù fi ọ̀kan pamọ́, ó ní yóò di ọ̀wọ́n lọ́la. Gbogbo wọn ni ó fi pamọ́, nítorí náà kò di ọ̀wọ́n rárá. Títí di òní ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò owó. Ohun tí gbogbo ayé bá fi pamọ́ kì í ṣọ̀wọ́n. Ohun tí a ná láìbìkítà, tí ó jẹ tí ó sì ṣá, tí a sì yọ́, ni a ń wá tì.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ rí bí iye iná àti iye ojú ti ń jà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a gbọ́dọ̀ lọ. Ní ọdún 1878, àwọn tí ń wa fàdákà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà rí i pé òfin jáde tí ó mú ìjọba máa ra fàdákà wọn ní oṣooṣù, kí ó sì fi rọ dọ́là. George Morgan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ni ó ya orí obìnrin tí ó wà lára dọ́là náà, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é di òní. Ó wọn gíráàmù 26.73, fàdákà jẹ́ 900 nínú 1,000 rẹ̀, fàdákà gidi inú rẹ̀ sì ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin áúnsì lọ díẹ̀. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ ẹ, nítorí pé ó wúwo ní àpò. Inú àpò 1,000 ni a ń dì í sí, a sì ń tò ó jọ nínú àwọn yàrá ìṣúra títí ó fi kún.

Ní ọdún 1918, nígbà tí Íńdíà ń béèrè fàdákà lọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò sì sí, Amẹ́ríkà ṣí àwọn yàrá wọ̀nyí. Dọ́là 270,232,722 ni a yọ́ lábẹ́ òfin Pittman, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì lọ sí Íńdíà. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọdún tí ó wà lára èyí tí a yọ́ sílẹ̀. A ka iye, a wọn ìwọ̀n, ó parí. Àwọn bàbá wa ní, bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Láti ọjọ́ náà ni àwọn olùṣa-owó-jọ ti ń méfò: èwo ni ó kù, èwo ni ó tán?

Ìméfò wọn kan ni a fẹ́ sọ. Dọ́là tí a rọ ní New Orleans ní ọdún 1903 ju mílíọ̀nù 4 lọ ní òǹkà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í rí èyí tí ó mọ́ tónítóní. Gbogbo wọn gbà pé ó ti wọ inú iná ní ọdún 1918. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1962, ìwé iye owó tí àwọn olùṣa-owó-jọ ń lò kọ ọ́ sí dọ́là 1,500. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, tí ilé ìṣúra ń kó dọ́là fàdákà jáde fún ọdún Kérésìmesì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, a ṣí yàrá kan tí a ti sé láti ọjọ́ pípẹ́, àpò lórí àpò dọ́là New Orleans ti 1903 sì jáde, funfun bí ìgbà tí a rọ ọ́. Dọ́là kan ni ìjọba ń gbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí owó tí ó ti jẹ́ 1,500 fi wálẹ̀ sí ohun tí kò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Kí ni ó yí padà nínú owó náà? Kò sí. Ìwọ̀n rẹ̀ kò dín, fàdákà inú rẹ̀ kò bàjẹ́. Ohun tí ó bàjẹ́ ni èrò inú àwọn ènìyàn pé ó ti tán.

Kí a má ṣe rò pé gbogbo iye ojú ni ó rí báyìí. Ní ọdún 1893, 100,000 péré ni a rọ ní San Francisco. Èyí kì í ṣe ìméfò. Ó wà nínú ìwé ilé ìrọwó. A ṣí yàrá, a tú àpò, kò jáde ní púpọ̀. Owó náà ṣì wọ́n títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ èyí tí ó ti jẹ gan-an ni, tí fàdákà inú rẹ̀ kò sì fi ohunkóhun ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ láàárín 1893 àti 1903 yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin ònkàwé wa dì mú: ohun tí ó ṣọ̀wọ́n láti ọjọ́ tí a ti rọ ọ́, àti ohun tí a kàn kò rí. Ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá kọ́gbọ́n níkẹyìn. Ní ọdún 1964 ó dẹ́kun fífi dọ́là fàdákà sílẹ̀ ní dọ́là kan, nǹkan bí mílíọ̀nù 3 tí ó kù, tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti wá láti ilé ìrọwó Carson City, ni ó sì ń tà fún àwọn olùṣa-owó-jọ ní iye tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ láti 1972 títí di 1980.

Ọdún 1980 náà ni iná gbẹ̀san. Àwọn ọmọ ìyá méjì, Nelson Bunker Hunt àti William Herbert Hunt, ọlọ́rọ̀ epo ilẹ̀ Texas, ti ń ra fàdákà jọ fún ọdún mélòó kan bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ tán. Ní oṣù kìíní 1980 áúnsì kan súnmọ́ 50 dọ́là. Dọ́là Morgan tí ó wọ́pọ̀, èyí tí olùṣa-owó-jọ ì bá fi ìtara rà ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, ní fàdákà bí dọ́là 38 nínú. Àwọn ènìyàn tò sí iwájú ilé àwọn oníṣòwò, wọ́n gbé ṣíbí ìyá wọn, ago ìgbéyàwó wọn àti owó bàbá àgbà wọn lọ́wọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì wọ inú iná. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ọdún. Nígbà tí ó di ọjọ́ 27 oṣù kẹta, áúnsì kan ti já sí ìsàlẹ̀ dọ́là 11, àwọn ọmọ Hunt sì wọ gbèsè. Ní ọdún 2025 fàdákà tún kọjá 50 dọ́là, láìsí ọmọ Hunt kankan nídìí rẹ̀.

Nínú ìtàn wọ̀nyí ni ohun kan ti hàn sí wa, èyí tí àwọn tí ń to owó fàdákà jọ lónìí kì í sábà sọ. Lára owó tí ó wọ́pọ̀, iye ojú àti iye iná kì í pọ̀ papọ̀. Nígbà tí fàdákà bá wà nílẹ̀, olùtajà a máa wí pé owó àtijọ́ ni, ẹwà rẹ̀ ni ẹ ń san owó fún. Nígbà tí fàdákà bá gòkè, ẹwà náà a rì sínú ìwọ̀n, olùrajà a sì gbé e lé òṣùwọ̀n láìwo ojú rẹ̀. Ẹni tí ó san àlékún nítorí ojú kì í sì rí àlékún náà gbà padà lọ́jọ́ tí ó bá fẹ́ ta á fún iná. Nítorí náà, ẹni tí ó ń to fàdákà jọ kí ó lè fi í ṣe ìpamọ́, àwa gbà á níyànjú pé kí ó ra ìwọ̀n, kí ó sì ra èyí tí ó jẹ tí ó sì wọ́pọ̀ jù, ní iye tí ó súnmọ́ fàdákà inú rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ san owó ojú, kí ó san án lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ lè dá mọ̀, kì í ṣe lórí ohun tí olùtajà wí.

Iye ojú sì ṣe ẹlẹgẹ́ ju bí àwọn ènìyàn wa ti rò lọ. Obìnrin tí ó fi òroǹbó àti eérú fọ ṣílè bàbá rẹ̀ títí ó fi ń dán bí dígí rò pé òun ṣe é lóore; olùṣa-owó-jọ yóò wò ó, yóò sì mi orí. Ihò tí a lu fún òwú ọrùn ọmọ pa iye ojú náà, bẹ́ẹ̀ ni kò mú ju èérún fàdákà díẹ̀ lọ. Ayédèrú pẹ̀lú ń bẹ. Àwọn kan a máa lẹ lẹ́tà S, àmì San Francisco, mọ́ ara dọ́là 1893 tí a rọ ní ibòmíràn. Ìwọ̀n rẹ̀ pé, fàdákà rẹ̀ pé, lẹ́tà kékeré kan ṣoṣo ni irọ́, lórí lẹ́tà náà sì ni gbogbo owó tí a san gbé wà. Òṣùwọ̀n kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ irú irọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ṣílè ọ̀pẹ wa, ọ̀rọ̀ ọba ti kúrò lára rẹ̀. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí ná owó tirẹ̀ ní ọdún 1959, náírà sì dé ní ọdún 1973. Kò sí ilé owó tí yóò gba ṣílè náà lónìí. Iye iná rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ṣílè mẹ́fà tí kò jẹ púpọ̀ ní fàdákà tí ó ju áúnsì kan lọ díẹ̀ nínú. Iye ojú rẹ̀ ni ó ṣòro. Àwọn tí ń wá dọ́là Morgan pọ̀ bí eṣú, ìwé tí a kọ nípa rẹ̀ kún ilé. Àwọn tí ń wá owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Nítorí náà a lè rí owó tí ó ṣọ̀wọ́n nítòótọ́ tí kò wọ́n. Kí ẹni tí ó bá ní in lọ́wọ́ wo ọdún àti lẹ́tà H kí ó tó gbé e fún alágbẹ̀dẹ, kí ó sì yẹ èyí tí ó ní 1920 wò dáadáa, bóyá funfun ni tàbí pupa. Iye tí a rọ ní ọdún kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé, láti 1913 títí dé 1920. Iye tí ó wọ inú ìkòkò alágbẹ̀dẹ, ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀.